Kí Ni Oríkì Orílẹ̀ Yín? Bí A Ṣe Ń Gbé Àfihàn Ìrìn-Àjò Kalẹ̀ Lójú Pópó Ìbàdàn Àtijọ́

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà nípa ìrìn-àjò àti àtìpó ní Ọjà'ba, ẹ má tíì lọ ra ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ wọ agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnká ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé, tí àwọn àgbà sì ti mu ẹ̀kọ tán. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi ẹni tó bá dàgbà jù níbẹ̀ pé: “Kí ni oríkì orílẹ̀ ilé yín?”

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò ní kí ẹ béèrè pé “Níbo lẹ ti wá?” Ìbéèrè yẹn a máa dá ìjà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Bùdó ogun ni ìlú yìí kó tó di ìlú. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu, ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti díẹ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá wọ àwókù Ìbàdàn ti Lágelú, tí wọ́n sì tẹ̀dó yí òkè Màpó ká. Ará Ifẹ̀ ni Máyè Okùnadé tó kọ́kọ́ ṣe olórí wọn. Ọmọ Àfọ̀njá Ìlọrin ni Olúyẹ̀dùn tó jẹ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n lé Máyè. Ọ̀yọ́ Ilé ni Olúyọ̀lé ti wá, òun sì ni orúkọ oyè rẹ̀, Ìbaṣọ̀run, di orúkọ ọjà: Ọjà Ìba, Ọjà'ba. Lẹ́yìn wọn, ogun kò yé kó èèyàn wálé. Àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn wá, okùn ni wọ́n fi fa àwọn mìíràn wọlé. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí wọ́n pa ní 1874, ẹrú ló kún ilé àti oko rẹ̀, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Ọmọ-ọmọ gbogbo wọn ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ẹ bi pé níbo ló ti wá lè gbọ́ ọ bíi pé ẹ ní kì í ṣe ọmọ onílùú, tàbí pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ra bàbá ńlá rẹ̀ ni. Oríkì orílẹ̀ kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Orí á wú ọmọ Oníkòyí, á máa sọ̀rọ̀ ogun. Ọmọ Ọlọ́fà á dé ibi ìjàkadì. Ẹni tí wọ́n mú wọlé nígbà ogun sì lè fi oríkì ilé tó gbà á dáhùn, kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ ọ dáadáa, àdírẹ́sì ni oríkì yìí: ó ń sọ ìlú tí wọ́n ti ṣí, ó ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, nígbà mìíràn ó ń sọ ohun tó lé wọn kúrò.

Òun ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí agboolé bá ti kì tirẹ̀ fún yín, ẹ ti rí ìrìn-àjò àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ wá béèrè èyí tó tẹ̀lé e: ta ló lọ sí Ghana nínú ilé yìí? Ta ló wà ní London? Ta ló lọ tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́? Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà jáde. Àfihàn tó bá kó gbogbo ariwo lé “já pa” lórí, bí ẹni pé àná òde yìí ni Yorùbá kọ́kọ́ di ẹrù, ará Ọjà'ba á wò ó, á rẹ́rìn-ín, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó ti wà lójú títì tẹ́lẹ̀

Ẹ gbójú sókè ní Bẹẹrẹ. Ẹ wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí òpó iwájú wọn ní ọnà, tí fèrèsé wọn ṣe róbótó lókè. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló mú irú ilé yẹn wọ ilẹ̀ wa. Àwọn bíríkìlà ń gbé ọgbọ́n rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, owó kòkó ló sì kọ́ ọ ní Ìbàdàn. Ìyẹn ni pé ògiri tí ẹ fẹ́ gbé àwòrán kọ́, òun fúnra rẹ̀ ti rìnrìn àjò kọjá òkun. Ẹ má fi pátákó bo ọnà ara rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n kan páálí mọ́ ojú òdòdó sìmẹ́ńtì tó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí ẹni tó ń kàn án, ó dùn mí títí di òní.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ kan lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Susanne Wenger, ọmọ Austria tó kọ́kọ́ bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1950, ló kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ síbẹ̀. Adébísí Àkànjí tó bá a ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sìmẹ́ńtì náà, bíríkìlà ni. Ní 2005 ni UNESCO fi igbó náà kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Kì í ṣe nítorí kí ẹ lè fara wé e ni mo ṣe ní kí ẹ lọ o. Ẹ lọ wo ohun tí òjò àti ewéko ń ṣe sí sìmẹ́ńtì láàárín ọgọ́ta ọdún, kí ẹ rí ibi tó ti sán àti ibi tí wọ́n ti tún un ṣe. Iṣẹ́ ọnà tó bá máa sùn síta, òjò ni ọ̀gá rẹ̀.

Bí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ kọjá sí Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀nà tí wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun ṣì wà níbẹ̀, ó tó kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn ère Cyprien Tokoudagba, ọmọ Abomey, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àjọ̀dún tí wọ́n pè ní Ouidah 92, tó padà wáyé ní oṣù kejì ọdún 1993, ló mú kí wọ́n ṣe wọn. Ní 1995 ni wọ́n parí Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ létí òkun. Ohun tí ẹ máa kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ni èèyàn fi ń wò ó. Ère kọ̀ọ̀kan kò ga, kò sì yani lẹ́nu púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rìn ín nínú oòrùn débi yanrìn, ara rẹ̀ á ti sọ ìyókù fún un.

Ibi tí iṣẹ́ máa dúró

Ìbàdàn náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ẹ gun Màpó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, ẹ parí rẹ̀ sínú àwọn ọ̀nà tóóró Bẹ́yẹrúnká. Ẹni tí kò sáré á rìn ín ní wákàtí méjì, tó bá ń dúró kí àwọn èèyàn.

Bẹẹrẹ kì í ṣe ibi ìdúró. Ọkọ̀ Micra, kòròpé àti ọ̀kadà ń fún ara wọn pa níbẹ̀, ẹni tó bá dúró wo àwòrán ní àárín títì lè má délé. Ohun kan ṣoṣo tí a lè rí láti inú ọkọ̀ tó ń lọ ni kí ẹ gbé síbẹ̀: orúkọ ìlú kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí lẹ́tà rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ìkòyí. Agadez. Kùmásí. Ẹni tó bá rí i lónìí á rò ó, bó bá tún rí i lọ́la á béèrè.

Màpó ni ibi tí a ti lè mí. Ní 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tó wà lórí òkè náà, injíníà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Taffy Jones ló bójú tó kíkọ́ rẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ àti àwọn òpó ńláńlá iwájú rẹ̀ ti tó ère fúnra wọn, ẹ má bá wọn jìjàdù gíga. Ohun tí Màpó ní tí ibòmíràn kò ní ni ohun tí a ń rí láti orí rẹ̀: òrùlé páànù tó dógùn-ún, tó lọ salalu títí dé ibi tí ojú mọ. Ẹ gbé férémù irin òfìfo kan síbẹ̀, tó ga tó èèyàn, kí ẹ kọ oríkì orílẹ̀ àwọn agboolé tó wà nísàlẹ̀ sí etí rẹ̀, níbi tí olúkúlùkù òrùlé bá bọ́ sí. Àwòrán ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé, ìnáwó ló ń wà nínú gbọ̀ngàn, bí wọ́n bá sì fẹ́ fi Olúbàdàn jẹ, ibẹ̀ náà ni. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbẹ́ ihò.

Ní Ọjà'ba, àfihàn ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Àwọn lékulẹ́ja tẹ́ egbò, èèpo igi, agbárí ẹranko àti ìkarahun òkun sílẹ̀ lọ́nà tí ayàwòrán kankan kò lè fi kọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n ibi tí ọjà kọ̀ọ̀kan ti wá. Ìkarahun kò hù ní Ìbàdàn. Ọjà mìíràn wà tó jẹ́ pé Sábó ló ti máa kọjá, àdúgbò tí wọ́n ya sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa oníṣòwò ní 1916. Bí lékulẹ́ja bá gbà, ẹ kọ orúkọ ìlú tí ọjà náà ti wá sára páálí kékeré kan, kí ẹ gún un sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gún iye owó sínú ìrẹsì. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ yẹn jẹ́ èyí tó dára jù nínú gbogbo àfihàn yín, kò sì ní ná yín ju owó máákà lọ.

Ohun tí ẹ bá fẹ́ gbé kọ́ sókè ní ọjà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ agbòjò àwọn ìyá ọlọ́jà á bò ó. Lẹ́tà tí ẹni tó dúró ní òdìkejì títì máa kà, kó má dín ní ínǹṣì mẹ́ta. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ń jẹ oòrùn ọ̀sán títí di àṣálẹ́, àwọ̀ pupa ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí lára ohun tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbé ohun tó bá jẹ́ pé pupa ni ìtumọ̀ rẹ̀ síbẹ̀.

Páànù

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ fi bánà ike sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ àkọ́rọ̀ òjò á ya á ní oṣù kẹta, èyí tí kò bá sì ya, ẹnìkan á fi bo ata lọ́jọ́ òjò, n kò sì lè bá a wí. Páànù òrùlé àtijọ́ ni mo fara mọ́. Ilé tó bá ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe á fẹ́ tà á tàbí kó fi tọrẹ. Ó ti gba oòrùn àti òjò àwọn tó dúró sílé de àwọn tó lọ, ìyẹn nìkan tó fún mi.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha ìdógùn-ún tó bá ń ṣí kúrò, ẹ má ha gbogbo rẹ̀ tán, àwọ̀ ilẹ̀ yẹn la fẹ́. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko. Ibi tí ẹ bá fẹ́ ya nǹkan sí, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún kùn ún, kí ẹ tó fi ọ̀dà olépo, èyí tó ń dán, yàwòrán lé e. Ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri lè ṣí bí awọ láìpẹ́. Kí tínkà bá yín ṣẹ́ etí páànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn, nítorí ọmọ kékeré á fi ọwọ́ kàn án, ó di dandan. Ẹ fi skrú onírọ́bà tí wọ́n fi ń kan òrùlé dè é mọ́ férémù igi. Àwọn tó ń kiri ra irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù á wá wò ó, kò sí àní-àní. Ẹ lu ihò méjì mẹ́ta gba àárín páànù náà, níbi tí kò ní ba àwòrán jẹ́. Páànù tó ti ní ihò lára, tí àdúgbò sì mọ ilé tó ni ín, kò níye lórí lójú wọn.

Àṣẹ

Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn wà ní Màpó gan-an, ẹ kọ lẹ́tà síbẹ̀. Ẹ béèrè níbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí ojúko kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, nítorí ààlà kì í ṣe ohun tí à ń fojú rí. Àjọ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń bójú tó pátákó ìpolówó, ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ẹ kò polówó ọjà.

Lẹ́tà yẹn máa gbà yín lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Kò ní gbà yín lọ́wọ́ àdúgbò. Mọ́gàjí, olórí agboolé, ló ni ògiri, Ìyálọ́jà ló ni ojú ọjà, àwọn onímọ́tò ló ni ibi tí ọkọ̀ ń yà. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Báyìí ni ó ṣe máa ń rí:

“Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Ọmọ yín ni wá.”

“Ẹ kú àbọ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló rán yín?”

“Kò sí òṣèlú níbẹ̀ o, bàbá. Àwòrán la fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀.”

“Àwòrán ta ni?”

“Ti ilé yín ni, bàbá. Kí ni oríkì orílẹ̀ yín?”

Bí wọ́n bá dé ibi yìí, ẹ jókòó. Wọ́n á ní kí wọ́n pe ìyá kan wá láti yàrá ẹ̀yìn, nítorí àwọn obìnrin ilé ló mọ̀ ọ́n kì jù. Ẹ ti gba àṣẹ nìyẹn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ pé ó dára.

Ìgbà

Láàárín oṣù kọkànlá sí ìparí oṣù kejì ni kí ẹ ṣe é. Ọyẹ́ á bu eruku lé iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n eruku ṣeé nù. Ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn nínú oṣù kẹta, gbogbo ìlú ló ń ṣọdún, kò sì sí ohun tí ẹnu kì í sọ ní gbangba. Bí àfihàn yín bá ṣì wà nílẹ̀, wọ́n á fi kọrin, ẹ má bínú. Bí ó bá wà títí di ìgbà ọdún egúngún, ní ààrin ọdún, ẹ béèrè ọjọ́ tí eégún Olóòlù máa jáde láti Òde Ajé àti ọ̀nà tó máa gbà. Obìnrin kì í rí i. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ló ń ṣọ́ iṣẹ́ yín, kó jókòó sílé lọ́jọ́ náà, kí ọkùnrin gbà á sílẹ̀.

Mọ́sálásí gbogbogbò ìlú wà ní Ọjà'ba. Ní ọjọ́ Jímọ̀, láti aago méjìlá ààbọ̀ títí di aago mẹ́ta, kí ohunkóhun má dún lára àfihàn yín.

Ẹni tó ni ìtàn

Àwọn àgbà tó ti Ghana bọ̀ á bá yín sọ̀rọ̀ fàlàlà. Ọdún méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi Ghana sílẹ̀, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti bímọ síbẹ̀ sì fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ wálé. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí lé àwọn àjèjì tiwa náà, àwọn ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn, báàgì onílà tí wọ́n kẹ́rù sí sì di Ghana-Must-Go dòní. Ẹ gbé ọdún méjèèjì sí ojú kan, nítorí ẹni tó bá sọ ọ̀kan láìsọ ìkejì, ẹjọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń rò. Ní ti báàgì náà fúnra rẹ̀, àwọn ayàwòrán ti lò ó débi tó ti sú èèyàn. Ẹ má ra tuntun wá tò jọ. Bí ìyá kan bá mú tirẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, èyí tó ti gbó, ẹ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa dá a padà sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Àwọn tó gba aṣálẹ̀ lọ sí Libya, tí wọ́n sì padà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Gbèsè tí wọ́n fi lọ lè wà lọ́rùn wọn síbẹ̀, ẹni tó mú wọn lọ sì lè máa gbé ní òpópónà kejì. Ẹ má ya ojú wọn, ẹ má kọ orúkọ wọn, ẹ má gba ohùn wọn sílẹ̀ bí kò ṣe pé ẹlòmíràn ló máa tún un sọ. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún wọn lédè Yorùbá kó tó lọ sára páànù. Bí ẹnì kan bá ní òun kò fẹ́ mọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ìṣíde, ẹ yọ ọ́, kí àyè rẹ̀ wà lófìfo. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ nítorí pé ẹ ti ná owó.

Ní ti àwọn tó wà ní òkè òkun nísinsìnyí, ohùn wọn lórí WhatsApp ni ìṣúra. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ gbé e sínú rédíò kékeré tó ń lo mẹ́mọ́rì, kí ẹ gbé e ka ojú fèrèsé ilé náà gan-an. Kó dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó jẹ́ pé ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó ìwé ọmọ, “ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín”, ẹ má yọ wọ́n kúrò.

Ọjọ́ ìtúlẹ̀

Ẹ dá ọjọ́ ìtúlẹ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́ ìṣíde, kí owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ìsó tí ẹ kàn mọ́ ògiri, ẹ yọ ọ́, ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ihò rẹ̀, ẹ kùn ún ní àwọ̀ tí ẹ bá a. Ẹ dá àwòrán àti báàgì àwọn èèyàn padà ní ojú ẹlẹ́rìí. Páànù tí ẹ gbà ní ilé kan, ilé náà ni kó padà sí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí kápẹ́ńtà dí ihò tí ẹ lù sí i, kó sì fi bo ibi tó ń jò lórí yàrá kan. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, tí yàrá náà kò sì ní àjà, ojú tí ẹ kùn ni kí ó kọ sí inú, kí oòrùn má baà pa á, kí ẹni tó bá sùn sábẹ́ rẹ̀ lè máa kà á.